Ẹ Jẹ́ Ká Lọ Bá Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin alága PTA, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń bá ilé-ìwé ṣètò nǹkan (SBMC), ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ máa ń dá aṣọ ẹgbẹ́ fún àjọ̀dún ilé-ìwé yín, ẹnì kan wà tí mo fẹ́ ká jọ lọ rí ní táàmù tó ń bọ̀ yìí. Kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe kọmíṣọ́nnà. Ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò yín ni. Nídìí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá ọmọ tó jẹ́ adití, ọmọ tí kò ríran dáadáa, ọmọ tó ń fi igi rìn, tàbí ọmọ tó ti pé ọdún méje tí kò tíì fọhùn yóò wọ rẹ́jísítà, àbí ìyá rẹ̀ yóò tún fà á lọ́wọ́ padà sílé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sófin. Láti 2004 ni òfin ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé JSS 3. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka yíya àwọn akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀ léèwọ̀. Òfin yìí ní ẹ̀kọ́ wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí wọn yóò fi parí sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ní kí gbogbo ilé-ìwé ìjọba gbà wọ́n wọlé, kí ó kéré tán ẹnì kan tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú wọn sì wà níbẹ̀. Ó ní kí Braille àti èdè àwọn adití wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ. Ó fún ilé tí gbogbo ayé ń lò ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn wọn ṣe, ọdún 5 yẹn sì pé ní oṣù kìíní 2024. Ẹ rìn dé ilé-ìwé tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ wo àtẹ̀gùn rẹ̀.

Ohun tí òbí sì ń bá pàdé nídìí tábìlì yẹn ni pé, "A ò ní tíṣà tó lè bójú tó o. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwé wọn."

Ilé-ìwé wọn wà lóòótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó dá wọn sílẹ̀. Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1960. Pacelli, tó wà fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè l'Ékòó, ti wà láti 1962. Ṣùgbọ́n mélòó ni wọ́n, báwo ni wọ́n sì ṣe jìnnà tó sí ẹni tó ń gbé abúlé lẹ́yìn Ìsẹ́yìn tàbí Ìdànrè? Bàbá yóò ro owó ọkọ̀, yóò ro owó ibùgbé, yóò wo ọmọ ọdún mẹ́fà tó fẹ́ fi sílẹ̀ sọ́wọ́ àjèjì, yóò ní kí ọmọ ṣì jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún mẹ́wàá ṣe ń kọjá lọ.

Àwọn tí wọ́n lé padà yẹn, a tilẹ̀ rí wọn. Àwọn tó pọ̀ jù, lójú tèmi, wà nínú kíláàsì báyìí tí ẹnikẹ́ni kò fura. Ọmọ tí etí rẹ̀ ti ń ṣọyún láti kékeré jókòó sẹ́yìn pátápátá. Tíṣà kọjú sí pátákó, ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Ọmọ ò gbọ́. Wọ́n bi í, kò dáhùn, wọ́n nà án. Òmíràn wà tó lè ṣírò owó ọjà ìyá rẹ̀ lórí láìfọwọ́ kan bírò, àmọ́ tí lẹ́tà ń dàrú mọ́ ọn lójú bó bá ti ṣíwèé. Ó ti tún kíláàsì kẹta kà. Olódo ni wọ́n ń pè é, gbogbo kíláàsì ti gbà bẹ́ẹ̀, òun náà sì ti gbà. Ẹlòmíràn, ariwo máa ń dà á láàmú, á fọwọ́ bo etí, kò sì lè jókòó pẹ́. Wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ni, wọ́n ti gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Àwọn ọmọ yìí kò nílò kí a kó wọn lọ síbòmíràn. Wọ́n nílò ọ̀gá kan tí yóò sọ fún àwọn tíṣà rẹ̀ pé kí wọ́n tó mú pàṣán, kí wọ́n kọ́kọ́ wádìí bóyá ọmọ gbọ́ àti bóyá ó ríran.

Ẹ má lọ bá a jà o. Òun kọ́ ló ń gba tíṣà síṣẹ́, SUBEB, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ló ń pín wọn. Owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ra ṣọ́ọ̀kì, kíláàsì kún dẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá wa kò sì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan rí lórí irú ọmọ báwọ̀nyí. Ẹ kí i dáadáa, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ìrànwọ́ lẹ mú wá. Àmọ́ kí ọ̀wọ̀ má pa yín lẹ́nu mọ́.

Nítorí ohun púpọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ná an ní kọ́bọ̀. Ó lè gbé kíláàsì ọmọ tí kò lè gun àtẹ̀gùn wá sí ìsàlẹ̀. Ó lè fi ọmọ tí ojú ń dùn síwájú. Ó lè pe ìyá ọmọ wá kó sọ fún àwọn tíṣà ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ rẹ̀ àti ohun tó ń mú un farabalẹ̀. Ó sì lè yan tíṣà kan tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí gbogbo òbí mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ti sọ irú tíṣà bẹ́ẹ̀ di dandan fún ilé-ìwé ìjọba. Ẹ bi àwọn ará wa tó ń tọ́mọ ní Peckham níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè ní pàtó. Lọ́dọọdún ni ilé-ìwé máa ń kọ ọ̀rọ̀ kún fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ń ka iye akẹ́kọ̀ọ́, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún iye ọmọ tó ní ìpèníjà àti irú èyí tí wọ́n ní. Bí ọ̀gá bá kọ òdo síbẹ̀, kò sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lójú ìjọba. Ta ni SUBEB fẹ́ fi tíṣà ránṣẹ́ sí? UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin UBE, sì ya apá kan nínú owó ìrànwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ yìí. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ tíṣà fún iṣẹ́ yìí láti 1977. Ẹ ní kí ọ̀gá kọ iye tó jẹ́ òótọ́, kó sì kọ lẹ́tà béèrè tíṣà, kí ìgbìmọ̀ SBMC fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ètò ìdàgbàsókè ilé-ìwé. Níbi tí òbí kò bá ti sọ̀rọ̀, ọ̀dà géètì ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ tètè rí pírínsípà, kó tó di pé wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún WAEC. WAEC ní ètò fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fọ́jú, ó ń fi àkókò kún tiwọn. Láti 2017 ni JAMB náà ti ní ètò ìdánwò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ń darí. Ilẹ̀kùn yunifásítì ti ṣí díẹ̀. Ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló há.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde, sìmẹ́ǹtì àti bíríkìlà ni ẹ ó fi sọ àtẹ̀gùn di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà ní ibùdó ìlera àdúgbò, ẹ wá yẹ ojú àti etí àwọn ọmọ wò. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti ẹ̀yin ààfáà, ẹ kéde rẹ̀ pé kí ẹni tó ń fi ọmọ pamọ́ sínú yàrá mú un jáde wá forúkọ sílẹ̀.

Kí ìpàdé PTA tó ń bọ̀ tó wáyé, kí òbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ lọ, kó má ṣe jẹ́ ìyá ọmọ nìkan. Ẹ kọ ohun tí ẹ ń béèrè sínú lẹ́tà, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bí ọ̀gá bá ní òun ti gbọ́, òun á wo nǹkan tóun lè ṣe sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó dìde kí ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni kí ẹ padà wá.