Tẹlifóònù Láàárín Dókítà àti Aláìsàn

Àgbàlagbà tí ara ń ro ní Ìgbàyè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ó ní láti gun ọ̀kadà lọ sí Òkukù, Ìnísà tàbí Ìkìrun kí ó tó rójú dókítà, yóò súre fún ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó fi tẹlifóònù ṣàlàyé àìsàn rẹ̀ láti orí ẹní, nítorí ìlera ni oògùn ọrọ̀. A fara mọ́ fífi fóònù bá dókítà sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2014 fi hàn pé níbi tí dókítà ti kọ́kọ́ ń fi fóònù gbọ́ tẹnu ẹni tí ó fẹ́ rí i lọ́jọ́ náà, iye ìgbà tí aláìsàn ń kàn sí ilé ìwòsàn láàárín ọjọ́ 28 fi ìdá 33 nínú 100 lé sí i, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ṣì padà wá fojú rinjú. Fóònù kò lè tẹ ikùn wò, kò sì lè ṣí ìpéǹpéjú ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ lára rẹ̀.

Ìyá arúgbó tí kò mọ fóònù tẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ékòó, ńkọ́? A bẹ ìjọba Ọ̀ṣun kí nọ́ọ̀sì ìlú kọ̀ọ̀kan ní fóònù ilé ìwòsàn lọ́wọ́, kí ó jókòó ti aláìsàn, kí ó bá a pe dókítà, kí owó ìpè náà má sì ti àpò tálákà jáde.