Ọ̀RỌ̀ INÚ ILÉ: Alùpùpù Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí lè kéré lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó tó dá ìjà sílẹ̀ láàrin ọmọ ìyá. Bàbá lọ, ó fi alùpùpù àtijọ́ sílẹ̀, ìbáà ṣe Honda, Suzuki tàbí Yamaha. Ọmọ kan ní kí a tà á fún àwọn tí ń ra àlòkù irin. Èkejì ní kí a gbé e fún ọlọ́dà, kí ó kùn ún ní pupa roro. Èmi kò fara mọ́ ìmọ̀ràn méjèèjì.

Ohun tí a kọ sí ara ẹ̀rọ wọ̀nyí ní ìtàn. Ẹ̀rọ ìhunṣọ ni Suzuki kọ́kọ́ ń ṣe ní 1909. Ará Òṣogbo tí ó mọ òfì yóò gbọ́ èyí tayọ̀tayọ̀. Torakusu Yamaha tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1887, dùùrù ni ó ń ṣe. Ìdí nìyí tí àmì Yamaha fi jẹ́ irin mẹ́ta tí akọrin ń lù láti mọ ohùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé alùpùpù wọn àkọ́kọ́ kò jáde títí di 1955. Ìyẹ́ apá ni àmì Honda. Ẹni tí ó bá ha nǹkan wọ̀nyí dànù kò lè fi ẹnu dá wọn padà.

Nítorí náà, kí sánpépà tó kàn án, ẹ fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ ní ìta gbangba. Ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé lẹ́tà àti ìlà ara táǹkì, kí ẹ fi pẹ́ńsù tọ etí wọn. Ẹ tú ìjókòó, ẹ sì wo abẹ́ rẹ̀: ibi tí oòrùn kò dé ni àwọ̀ àtètèkọ́ṣe wà. Èyí tí ẹ ti mọ̀ sí àwọ̀ ọsàn láti kékeré lè jẹ́ pupa tí oòrùn ti pa. Nígbà mìíràn, wíwẹ̀ àti dídán an nìkan ti tó. Èyí ni èmi fẹ́ràn jù.

Bí kíkùn bá di dandan, ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọ̀ ìgbà náà, bí ti Honda CB750 tí ó jáde ní 1969, kì í ṣe ọ̀dà kan ṣoṣo. Wọ́n a tẹ́ àwọ̀ bíi fàdákà tàbí wúrà sí ìsàlẹ̀, wọ́n a sì fín àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lé e lórí. Bí aṣọ inú ìkòkò aró ni: bí a ti ń rì í sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dúdú sí i. Bí ọlọ́dà bá fín ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó fín èkejì lẹ́ẹ̀marùn-ún, wọn kì yóò bára mu. Ní ti ìlà, iṣẹ́ tí ẹ̀kọ láfún ń ṣe lára àdìrẹ ni tẹ́ẹ̀pù ń ṣe. Àwọn ìyá wa ní Òròkí ti mọ èyí kí Jàpáànì tó ta alùpùpù kan fún wa.

Ọ̀dà ìdán inú agolo lásán kì í dúró de bẹntiróòlù. Èyí tí a ń po mọ́ èròjà tí ń mú un le ni ó ń dúró, ṣùgbọ́n oró wà nínú rẹ̀: ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì lè fa ikọ́ fée. Aṣọ tí a fi di imú kò lè dí i lọ́nà. Ó bí mi nínú púpọ̀ bí ọ̀gá bá jókòó níta, tí ọmọ iṣẹ́ kékeré ń fín in nínú ilé. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó san owó. Ẹ má sì jẹ́ kí ajórin fi iná kan táǹkì nítorí pé ó ti ṣófo. Afẹ́fẹ́ epo tí ó kù nínú rẹ̀ ni ń bú gbàmù, òfìfo sì burú ju kíkún lọ.

Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára irin, ẹ má ṣe fi ọ̀dà dí i.

Bí bàbá bá ti jẹ́ kí oníṣẹ́ ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ tàbí àdúrà rẹ̀ sórí táǹkì ńkọ́? Àwọn tí ń kó alùpùpù àtijọ́ jọ lókè òkun a máa pa irú rẹ̀ rẹ́, kí ó lè rí bí ó ti rí nígbà tí ó jáde ní Jàpáànì. Ní tèmi, ẹ tọ́jú ti Jàpáànì sórí bébà, kí ẹ fi ọwọ́ bàbá sílẹ̀ lórí irin.