Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Náà Lọ sí Gombe

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nílé,

Mo gbọ́ iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi ní Yokohama: wọ́n gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Gombe fún àgùnbánirọ̀, ẹ sì fẹ́ kí n bá ọ̀rẹ́ mi tó wà l'Ábújá sọ ọ́, kí wọ́n dá a padà s'Ékòó. Kí n tó dáhùn, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi kan tí ìyàwó mi wọ̀ nígbà ọmọge.

Ìjọba Japan ló dá ètò ọkọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà sílẹ̀ ní 1974, pẹ̀lú Indonésíà, Malaysia, Filipínì, Singapore àti Táílándì. Ẹ má rò pé ìfẹ́ ló bí i. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, olórí ìjọba Japan, Kakuei Tanaka, ṣàbẹ̀wò sí wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bangkok fi ìwọ́de pàdé rẹ̀. Ní Jakarta, wọ́n dáná sun mọ́tò Japan lójú títì. Ọjà Japan ti gba ìgboro wọn kan, bẹ́ẹ̀ ogun tí Japan gbé wọ ilẹ̀ wọn kò tí ì pé 30 ọdún tó parí. Inú ìbínú yẹn ni ọkọ̀ náà ti jáde.

Ọ̀dọ́ bí 300 ló ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ìyàwó mi lọ. Yàrá kan, ẹni mẹ́ta, orílẹ̀-èdè mẹ́ta. Àsìkò Ràmàdáánì ni tìyàwó mi bọ́ sí. Ọmọ Indonésíà tí wọ́n jọ ń sùn máa ń dìde jẹ sààrì lóru. Ìyàwó mi, tí kò rí aláàwẹ̀ rí láyé rẹ̀, rò pé ara ọmọ náà ni kò yá. Ọmọ Filipínì ń kùn pé wọ́n ń taná sí òun lójú. Kò sẹ́ni tó lè ní òun ń lọ sílé: òkun ni gbogbo àyíká. Títí dòní, ijó ìbílẹ̀ àti aṣọ aláràbarà tí wọ́n fi ń ṣàfihàn orí pèpéle, ìyàwó mi kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Sààrì ló ń sọ.

Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀, ilé onílé ni wọ́n ń pín wọn sí. Ìyá àgbà ilé tó gba ìyàwó mi, ọmọ Japan, ní Manila kò bá a jẹun lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pè é jókòó, ó sọ ohun tójú òun rí ní 1945, nígbà tí ọmọ-ogun Japan àti ti Amẹ́ríkà sọ ìlú náà di àlàpà, tí ará ìlú bí 100,000 kú. Ìlà mélòó kan péré nìyàwó mi kà nípa rẹ̀ níléèwé. Ó bú sẹ́kún. Ìyá náà ní kó jẹun, kó má fi ìrẹsì òun ṣòfò.

Nílé tiwa, ọdún 1973 ni Gowon dá àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn ogun Biafra. Èrò kan náà pẹ̀lú ti ọkọ̀ yẹn ni. Ṣùgbọ́n tiwa ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní kámpù, lẹ́yìn náà ìwé dókítà, ìwé ìgbéyàwó, ẹni mọ ẹni, ọmọ ti padà s'Íkẹjà. Ó sìnlú, kò mọ ẹnikẹ́ni.

Mi ò sọ pé ẹ̀rù tó ń bà yín kò nídìí. Mo ń gbọ́ ìròyìn àwọn ajínigbé. Ká ní ibi tí ìbọn ti ń dún ni wọ́n gbé e lọ, èmi gan-an ni n bá kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò dárúkọ ajínigbé fún mi. Ohun tó ń bi mí ni pé kí lọmọ òun fẹ́ máa jẹ lọ́hùn-ún. Tùwó ni yóò jẹ.

Mi ò ní pe ọ̀rẹ́ mi. Kí ọmọ náà má gba ojú títì lọ. Owó bàálù dé Gombe, èmi ni n ó san án. Bó bá jáde ní kámpù, kó gba yàrá lágbo ilé ọmọ ibẹ̀, kì í ṣe ibi tí àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ kún sí. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

Èmi ni, ọmọ yín ní Yokohama.