Kí A Tó Ya Fọ́tò Ọmọnìkejì Wa

Láti Ẹ̀rìn-Ilé níhìn-ín ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, kí ló kan Pásítọ̀ nínú ọ̀rọ̀ fọ́tò? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.

Ọmọ ìjọ wa kan tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà fi fọ́tò mélòó kan ránṣẹ́ sí mi. Agbègbè Lancaster ló ti yà wọ́n. Nínú ọ̀kan, ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ eérú lójú títì, mọ́tò sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Nínú òmíràn, ìbaaka mẹ́rin ń túlẹ̀ lóko. Wọ́n dára púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ojú ènìyàn kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn. Ẹ̀yìn ló yà, fìlà ló yà, ọwọ́ tó di ìjánu mú ló yà. Nígbà tó pè mí, mo bi í pé, "Ṣé ojú ń ti àwọn èèyàn yìí ni?" Ó ní, "Rárá o, Dádì. Amish ni wọ́n. Wọn kì í fẹ́ kí a ya ojú àwọn."

Kìrìstẹ́nì ni àwọn Amish. Láàárín àwọn tí kò gbà pé ó yẹ kí a máa ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́ (bíi tiwa náà) ni wọ́n ti jáde wá, nígbà tí Jakob Ammann àti àwọn tó tẹ̀lé e ya ara wọn sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland àti Alsace ní 1693. Inúnibíni pọ̀ fún wọn níbẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ ojú omi lọ sí Pennsylvania láàárín ọdún 1700 sí 1800. Ẹṣin ni wọ́n ń lò títí di òní. Wọ́n lè wọ mọ́tò ẹlòmíràn o, ṣùgbọ́n wọn kì í ra tiwọn, nítorí wọ́n gbà pé bí olúkúlùkù bá ní mọ́tò, ìjọ yóò fọ́nká, aládùúgbò kò sì ní nílò aládùúgbò mọ́.

Ní ti fọ́tò, Ẹ́kísódù 20:4 ni wọ́n dì mú, wọ́n sì ń sá fún ìgbéraga. Kì í ṣe gbogbo wọn ló le bákan náà. Àwọn kan kò ní bínú bí o bá ya oko wọn láti òkèèrè, ṣùgbọ́n kí wọ́n dúró kí o máa ya ojú wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ kò ní gbà. Ìjọba Pennsylvania pàápàá ń fún àwọn tí ẹ̀sìn wọn kò gba fọ́tò ní káàdì ìdánimọ̀ tí kò ní fọ́tò lára.

Èmi tí mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì kò túmọ̀ ẹsẹ yẹn báyẹn. Ère tí a ń forí balẹ̀ fún ni mo gbà pé ó ń bá wí, fọ́tò ìgbéyàwó mi sì wà lára ògiri pálọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú mi ni wọ́n fẹ́ yà.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé. Èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ kí àwọn Fúlàní ní gàá kan tí kò jìnnà sí wa. Wọ́n fi wàrà ṣe wá lálejò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa yọ fóònù, ó ń ya gbogbo ohun tó rí: àwọn ìyá tó ń fún wàrà, ọmọbìnrin tó ru igbá, bàbá àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin rẹ̀. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kò sì sọ nǹkan kan. Àwọn Fúlàní ní ìwà ìkóra-ẹni-níjàánu tí wọ́n ń pè ní pulaaku. Wọn kì í sábà bá àlejò jà. Àwa rò pé wọ́n gbà ni.

Ọmọ náà gbé fọ́tò bàbá yìí sójú WhatsApp rẹ̀. Kò kọ ohun búburú kan sí i. Ẹlòmíràn ló mú un, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn àjèjì ti wà nínú igbó wa, kí gbogbo ará ìlú ṣọ́ra. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹ̀rù ajínigbé ṣe ń ba gbogbo wa ní Kwara láwọn ọdún yìí. Nígbà tí bàbá ń lọ sọ́jà, àwọn ọ̀dọ́ kan dá a dúró lójú ọ̀nà, wọ́n fi fóònù hàn án, wọ́n sì jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá nígbà tí wọ́n wá pè mí kí n wá jẹ́rìí pé mo mọ̀ ọ́n.

Mo lọ tọrọ àforíjì. Bàbá náà kò pariwo. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jẹ wàrà wa. Ọmọ yín gbé ojú mi lọ, kò tilẹ̀ bèèrè orúkọ mi." N kò rí èsì fọ̀. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ìyá oníwàrà kò gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá.

Bẹ́ẹ̀ àwa Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa bó bá kàn wá. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí lórí fọ́tò yíyà ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1978. Ó rí i pé bí àgbà bá fẹ́ ya fọ́tò, aṣọ tó dára jù ni yóò wọ̀, yóò jókòó gbọn-in, yóò kọjú sí kámẹ́rà, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, gbogbo ara rẹ̀ ni yóò sì hàn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ yọ́ ya màmá yín níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ògbólógbòó ìró láyà, kí ẹ wá wo ohun tí ojú yín máa rí!

Àwọn tó ń gun ẹṣin níbi Durbar ní Ìlọrin nígbà Iléyá yàtọ̀ ní tiwọn. Wọ́n múra kí ayé lè rí wọn ni. Síbẹ̀, ẹ má ṣe gbàgbé ẹṣin fúnra rẹ̀. Kì í rí ohun tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an, bí ẹnìkan bá sì yọ sí i láti ibẹ̀, ó lè ta á nípàá. Ẹ má tan iná kámẹ́rà sí i lójú. Bó bá ti ká etí sẹ́yìn pẹrẹsẹ, inú rẹ̀ kò dùn nìyẹn, ẹ tètè sún kúrò. Ẹ bi ẹni tó di ìjánu rẹ̀ mú kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì rí ẹlẹ́hàá láàárín èrò, ẹ gbé kámẹ́rà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ wa yẹn padà lọ sí gàá náà. Lẹ́ẹ̀mejì ló lọ láìyọ fóònù rárá, ó kàn ń bá wọn pọnmi fún màlúù. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá fúnra rẹ̀ ní kó ya ẹṣin òun, ṣùgbọ́n kó má ya òun. Ọ̀dọ̀ mi ni fọ́tò náà wà. Ọwọ́ bàbá hàn ní igun kan, ó di ìjánu mú. Olóòtú ní òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé yìí. Mo ní kó jẹ́ kí ọjọ́ ọjà pé ná, kí n lè bi bàbá bóyá ọwọ́ náà lè wà níbẹ̀.