Ta Ló Sọ Pé Eré Kò Yẹ Àgbà?

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-Oò-Jíire tí ẹ fi Òkè Ọya ṣe ibùgbé, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ, n kò sì ní í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí n máa pa làpálàpá.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwọn kan láàárín wa ti ń sọ pé kí ẹgbẹ́ kó ọpọ́n ayò, lúdò àti dráàfù kúrò níwájú gbọ̀ngàn ìpàdé wa. Wọ́n ní ìtìjú ni kí àlejò máa bá àwọn baba onírùngbọ̀n funfun nídìí lúdò, kí wọ́n máa pariwo bí ọmọ iléèwé. Nígbà tí àwọn ìyá wa kan fò ten-ten pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ wọn níbi àpèjẹ ọdún, àwọn kan rojú. Wọ́n ní kí a fi ohun ọmọdé sílẹ̀ fún ọmọdé. Èmi ní rárá o. Ohun tó yẹ kó tì wá lójú ni pé ọ̀pọ̀ àgbà kò ráyè bá ọmọ ṣeré mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé wò ó wá. Ta ni ayò ọlọ́pọ́n wà fún? Àgbà ni. Bí àwọn baba wa bá ti oko dé, abẹ́ igi odán ni wọ́n ti ń ta á. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ. Ọ̀ta a máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti wù ú, ìbáà jẹ́ baálé ilé ni ọ̀pẹ ọ̀hún, ìbáà jẹ́ ìjòyè, inú kì í sì í bí i. Àlọ́ ńkọ́? Ta ní ń pa á lálẹ́, tí ń gbé orin rẹ̀, tí ń sín ìjàpá jẹ, bí kò bá ṣe àgbà? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sọ pé ìyá àgbà tó pa àlọ́ ti di ọmọdé?

Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé kò yàtọ̀. Ẹ wo àwọn tí ń ṣe eré dara nínú iyanrìn. Àgbàlagbà ọkùnrin ni wọ́n, èrò a sì yí wọn ká. N kò rí ẹni tó ní kí wọ́n dìde lọ sílé.

Ẹ tún wo òkè òkun tí àwọn kan fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí. Ilé iṣẹ́ LEGO ní Denmark, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1932, ohun ìṣeré ọmọdé ló sọ ọ́ di olókìkí, àwọn bíríkì oníke kéékèèké tí ọmọ ń tò di ilé, di ọkọ̀. Nígbà tó di ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ «18+» sára páálí àwọn kan nínú wọn, kí àgbà lè mọ̀ pé tòun nìyẹn. Oníṣòwò tó gbọ́n mọ ẹni tó ń náwó sí ọjà òun.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Tunde Onakoya, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, fi wákàtí 60 ta chess ní Times Square, ní New York, láti wá owó tí a ó fi rán àwọn ọmọ aláìní níléèwé. Gbogbo Nàìjíríà pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ yìí kan náà ló ń yọ ṣùtì sí baba tó jókòó ti dráàfù níwájú ilé rẹ̀. Ṣé ó dìgbà tí eré bá dé New York kó tó níyì ni?

Mo mọ èsì tí ẹ óò fọ̀. Ẹ óò ní àwọn kan ń fi ayò pa iṣẹ́ jẹ. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá wẹ̀wù àṣejù, ẹ̀tẹ́ ni yóò fi rí. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, nínú ìwé àkọsílẹ̀ àrùn wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022, ka géèmù tó bá ti gba ayé ẹni mọ́ ẹni lọ́wọ́ mọ́ àìsàn. Àṣejù ni wọ́n ń bá wí, wọn kò bá eré wí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ kò rojú sí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù? Àwọn ọ̀dọ́ wa ń kó owó oúnjẹ àti owó iléèwé lọ síbẹ̀, a ń wò wọ́n níran. Ẹni tí wọ́n nà nídìí ayò níwájú gbọ̀ngàn wa, ẹ̀rín ni wọ́n fi rín in, owó rẹ̀ ṣì wà lápò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí síhìn-ín ń sọ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì geerege, ṣùgbọ́n bí o bá ní kí wọ́n ka ení, èjì dé ogún, òkè ni wọn yóò máa wò. Kíláàsì èdè dára, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jókòó ti ọpọ́n ayò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ àgbà yóò mọ méjì yàtọ̀ sí mẹ́ta kíákíá, nítorí ìyẹn ni à ń jẹ nínú ayò. Yóò gbọ́ òwe, yóò gbọ́ àwàdà, yóò sì mọ bí a ti í dá àgbà lóhùn láìṣàfojúdi. Bí a bá kó ọpọ́n yẹn kúrò, fóònù ni yóò gba àyè rẹ̀, fóònù kì í sì í pa òwe.

Nítorí náà, mo bẹ ìgbìmọ̀ aláṣẹ wa: ẹ fi ọpọ́n ayò sílẹ̀, kí ẹ tún tẹ́ ẹní kan sí i fún àwọn ọmọ. Ẹ̀yin baba tí ẹ mọ ọkọ̀ agolo í ṣe, ẹ mú agolo wá. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹsẹ̀ yín ṣì gbé ten-ten, ẹ fò ó láìtijú. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Níbi tí ọmọ bá ti ń ṣeré, ibẹ̀ ni ọjà ọmọ, ibẹ̀ ló sì yẹ kí á ti bá àgbà.

Kí Olódùmarè fi ẹ̀mí wa ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Àmín.