Má Bínú, Hólì Ni

Gbólóhùn kan wà tí gbogbo ọmọ àríwá Íńdíà gbọ́ dàgbà: "Bura na mano, Holi hai." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, má bínú, Hólì ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi aláwọ̀ lé ọ lórí ló ń sọ ọ́, nígbà tí omi náà ṣì ń kán láti irun rẹ sí ọrùn, tí aṣọ funfun tó o wọ̀ jáde láàárọ̀ ti di aláràbarà. Bó o bá jẹ́ ọmọ ilé, wàá rẹ́rìn-ín, wàá sì bu tìrẹ náà lé e. Gbólóhùn yìí ló gbé Hólì, ọdún àwọ̀, ró. Òun náà ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Íńdíà fúnra wọn, ìjà tó yẹ ká gbọ́ tọ̀tún tòsì rẹ̀.

Ọjọ́ tí òṣùpá bá ràn mọ́jú nínú oṣù Phalgun ni Hólì máa ń bọ́ sí, ní ìparí oṣù kejì tàbí nínú oṣù kẹta tiwa. Òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, àlìkámà ti ń gbó lóko, igi sì ti ń rú. Ní alẹ́ tó ṣáájú, wọ́n á to igi àti ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ jọ ní gbangba, wọ́n á dáná sun ún ní ìrántí Holika, arábìnrin ọba Hiranyakashipu. Ọba yìí fẹ́ kí gbogbo ayé máa sin òun, ṣùgbọ́n Prahlad ọmọ rẹ̀ ní òrìṣà Vishnu lòun ó máa sìn. Holika, tí wọ́n ní iná kì í jó, gbé ọmọ náà lé itan jókòó sínú iná. Òun ló jóná, ọmọ sì jáde láìfarapa. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó di ọjọ́ àwọ̀. Ìtàn ti ọjọ́ kejì yìí dùn létí ju ti àkọ́kọ́ lọ: òrìṣà Krishna ń ráhùn fún Yashoda, ìyá rẹ̀, pé òun dúdú, Radha olólùfẹ́ òun sì pupa, ìyá ní kó lọ fi àwọ̀ tó bá wù ú kun Radha lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dí Hólì lọ́wọ́. Wọ́n ní Íńdíà jẹ́ ilẹ̀ tí ipò ti le koko: ìran tí wọ́n bí ọ sí, ọrọ̀ ilé yín, ọjọ́ orí rẹ, àti bóyá ọkùnrin ni ọ́ tàbí obìnrin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀, oníkálukú mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọmọ ọ̀dọ̀ lè fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀gá, tí ìyàwó ilé lè lé àbúrò ọkọ rẹ̀ yí àgbàlá ká pẹ̀lú korobá omi. Bí ẹ bá ní kí wọ́n máa gbàṣẹ kí wọ́n tó ṣe é, ẹ ti pa á, nítorí ẹni tí kò láṣẹ tẹ́lẹ̀, ta ni yóò fún un?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ wo àwọn opó Vrindavan. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn obìnrin tí ọkọ wọn ti kú, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Bengal, ti máa ń wá sí ìlú náà wá gbé ìyókù ayé wọn. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, orin ni wọ́n ń kọ nínú tẹ́ńpìlì láti rí oúnjẹ òòjọ́. Àṣà ní opó kò gbọdọ̀ fara kan àwọ̀ mọ́, nítorí náà tẹ́lẹ̀, tí ọdún bá dé, wọn a jókòó sínú yàrá, wọn a máa gbọ́ ariwo níta. Ní 2012, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà fọ̀rọ̀ wọn lọ Sulabh International, ẹgbẹ́ tí Bindeshwar Pathak dá sílẹ̀. Ní 2013, ẹgbẹ́ náà ṣe Hólì fún wọn nínú ilé tí wọ́n ń gbé. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti gbé e wọ tẹ́ńpìlì Gopinath lọ, níṣojú àwọn àlùfáà. Mo ti wo àwòrán ọjọ́ wọ̀nyẹn láìmọye ìgbà. Ewé òdòdó mù wọ́n dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ìyá tí eyín ti ká lẹ́nu wọn gbọ́wọ́ sókè, gulal pupa, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú àwọ̀, kún inú ìpéǹpéjú wọn, aṣọ funfun tó jẹ́ àmì ọ̀fọ̀ ti di aláwọ̀ osùn. Ẹni tó bá rí i, tó ṣì ní Hólì kò wúlò fún aláìlágbára, kò wò ó dáadáa.

Apá kejì, àwọn tó ní kí òfin wà fún Hólì, náà ní ohun tí wọ́n fojú rí. Fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní Delhi àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, ó tó ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún tí ìbẹ̀rù ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin á dúró sórí òrùlé, wọ́n á rọ omi sínú rọ́bà tó ń fẹ̀, wọ́n á máa sọ ọ́ lu àwọn ọmọbìnrin láyà àti ní ìdí. Lọ́jọ́ ọdún gan-an, ọwọ́ tó ní àwọ̀ lòun fẹ́ fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ lọ síbòmíràn. Bí ọmọbìnrin bá pariwo, èsì ti wà nílẹ̀: má bínú, Hólì ni. Ní 2023, fídíò obìnrin kan láti Japan jáde, ó ń gbìyànjú láti já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó dì í mú ní Delhi, tí wọ́n ń fọ́ ẹyin mọ́ ọn lórí. Àwọn ọlọ́pàá mú ẹni mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni ti 2017, nígbà tí ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Delhi ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn láti alẹ́ tó ṣáájú Hólì títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Hólì, wọ́n ní ààbò wọn làwọn ń wá. Ẹni tó ń ṣe láìdáa wà ní títì, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí wà ní àtìmọ́lé.

Àwọ̀ fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Òdòdó igi palash, tí wọ́n tún ń pè ní tesu, ni wọ́n ń lò látijọ́. Igi náà máa ń tanná kó tó rúwé, pupa bí ẹyin iná. Wọ́n á sá òdòdó rẹ̀ gbẹ, wọ́n á rẹ ẹ́ mọ́jú, omi náà á sì pọ́n bí èèpo ọsàn tó ti pọ́n. Lónìí, lẹ́búlẹ́bú ilé iṣẹ́ ló kún ọjà, nítorí owó pọ́ọ́kú ni, tálákà ló sì ń rà á jù. Ní 2012, nǹkan bí igba ènìyàn, tó jẹ́ pé ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní Mumbai lẹ́yìn tí wọ́n fi àwọ̀ olóró ṣeré ní Dharavi. Ọmọkùnrin kan kú. Apá àkọ́kọ́ náà bínú sí èyí, wọn kò gbèjà májèlé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ìjọba lọ bá ẹni tó ń tà á jà, kí wọ́n fi ọmọ tó ń ṣeré sílẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn níbẹ̀.

Barsana ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, nítorí àwọn méjèèjì ló ń fi í jẹ́rìí. Ìlú Radha ni Barsana, Nandgaon sì ni ìlú Krishna. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú Hólì, àwọn ọkùnrin Nandgaon á wá fi àwọn obìnrin Barsana ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin á fi ìbòjú bo ojú, wọ́n á gbé ọ̀pá ọparun tó ga jù wọ́n lọ, wọ́n á máa fi lu àwọn ọkùnrin náà gbì-gbì-gbì. Ọkùnrin á lóṣòó, á gbé apata lé orí, á máa tọ kiri bí ọ̀pọ̀lọ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọkùnrin Barsana á lọ sí Nandgaon lọ jẹ tiwọn. Ẹnì kan á ní: níbo lẹ tún ti rí i tí obìnrin ń na ọkùnrin ní gbangba, tí ọkùnrin ń yọ̀? Ẹlòmíràn á ní: ẹ wo òpópó tóóró tó yí eré yẹn ká, níbi tí èrò ti ń fún ara wọn, ẹ bi àwọn obìnrin tó wá wòran léèrè ohun tí ọwọ́ àjèjì ṣe sí wọn. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ìyàtọ̀ tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn ìlú méjì yìí mọ ara wọn bí àna ṣe ń mọ àna. Ẹni tó ń lù mọ ẹni tó ń lù, ẹni tó ń gbà á sì dìídì wá gbà á ni.

Ti ẹ̀sìn náà kò ṣeé fò. Ní Shahjahanpur, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh, wọ́n máa ń gbé ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ ẹrù, wọ́n á pè é ní Laat Saheb, ìyẹn ọ̀gá òyìnbó, wọ́n á máa sọ bàtà lù ú káàkiri ìlú. Ẹ̀sín tí wọ́n ń fi ìjọba amúnisìn ṣe ni, mo sì lóye ìdí tí inú wọn fi ń dùn sí i. Àmọ́ wọ́n ní láti fi tapólì bo àwọn mọ́sálásí tó wà lójú ọ̀nà kí àwọ̀ má bàa ta sí wọn lára. Ní 2025, Hólì bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀ nínú Ramadan, ọ̀gá ọlọ́pàá kan ní Sambhal sì sọ pé kí ẹni tí kò bá fẹ́ àwọ̀ jókòó sílé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní Dewa, ní ìpínlẹ̀ Uttar Pradesh kan náà, Mùsùlùmí àti Híńdù máa ń jọ da gulal sára wọn lẹ́bàá ibojì wòlíì Mùsùlùmí kan, Haji Waris Ali Shah.

Àwọn kan tún máa ń ní: "Bí àwọn baba wa ṣe ń ṣe é nìyí." Ó yẹ ká bi ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ pé àwọn baba ibo? Ní Kumaon, lórí òkè, orin ni Hólì. Láti ìgbà òtútù ni wọ́n ti ń pé jọ sílé ara wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa kọ ọ́. Ní Anandpur Sahib, Guru Gobind Singh, aṣáájú ẹ̀sìn àwọn Sikh, sọ ọ́ di ọjọ́ ìdánrawò ogun fún wọn ní 1701, ẹṣin àti idà ló sì kún ibẹ̀ títí di òní. Ní Kerala, omi atalẹ̀ pupa ni àwọn kan ń dà síra wọn. Ní Tamil Nadu, iná Kama, òrìṣà ìfẹ́ tí òrìṣà Shiva sun, ni wọ́n ń rántí. Manipur ló wù mí jù: ọjọ́ márùn-ún ni Yaosang, Hólì tiwọn, àwọn ọmọdé á máa kiri láti ilé dé ilé gba owó, àdúgbò á máa bá àdúgbò díje nínú eré ìdárayá, bí alẹ́ bá lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á máa jó yípo lábẹ́ òṣùpá. Àwọn kan nínú àwọn Dalit, ìran tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù, kò tilẹ̀ fẹ́ iná alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn rárá, wọ́n ní obìnrin ìran àwọn ni wọ́n ń sun lọ́dọọdún.

Síbẹ̀, àwọn tó ń fẹ́ òfin gbọ́dọ̀ wo Shantiniketan. Ilé ẹ̀kọ́ tí akéwì Tagore dá sílẹ̀ ní Bengal ni, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wọ aṣọ ìyeyè, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n ń kọrin kí wọ́n tó fi àwọ̀ kan ara wọn. Kò sí Hólì tó tún ní ìwà tó bẹ́ẹ̀. Èrò wá pọ̀ débi tí apá kò ká a mọ́, lẹ́yìn 2019, ilé ẹ̀kọ́ náà sì fi ayẹyẹ rẹ̀ mọ sáàárín ara wọn. Ètò wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ àwọn tó ń wọkọ̀ ojú irin láti Kolkata wá wòran ti pàdánù rẹ̀.

Ohun kékeré kan ló jẹ́ kí n mọ ibi tí mo fì sí. Ní ilé àwọn ará Bengal, ọmọdé kì í kọ́kọ́ fi àwọ̀ kan ojú àgbà. Ẹsẹ̀ ló ń fi í sí, á bẹ̀rẹ̀, á fi gulal díẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ìyá àgbà, á dúró kí ìyá àgbà súre fún un, kó sì fi tirẹ̀ sí i lórí. Lẹ́yìn ìyẹn ni eré tó ń bẹ̀rẹ̀. Èyí fi hàn pé òmìnira Hólì ní ìwọ̀n láti ilé wá, kì í ṣe àwọn ọlọ́pàá ló gbé e wá. Àwọn opó Vrindavan fọwọ́ ara wọn bu àwọ̀. Ọmọbìnrin Delhi kò nawọ́ sí i. Èmi gbà pé àwọn tó ń gbèjà òmìnira náà jàre lórí ti àwọn opó, wọ́n sì jẹ̀bi lórí ti ọmọbìnrin yẹn.

Bí àwọn ọmọ Íńdíà tó wà ládùúgbò yín bá pè yín sí Hólì, ẹ lọ. Ẹ wọ aṣọ funfun tí ẹ kò ní kábàámọ̀ rẹ̀, ẹ fi òróró pa irun àti awọ ara kí àwọ̀ lè tètè ṣí. Bí ẹ bá sì ti bu gulal sọ́wọ́, ẹ wo ojú ẹni tó dúró níwájú yín, ẹ bi í bóyá ó fẹ́, kí ẹ tó na ọwọ́.