Ẹ̀yin Oníṣọ́ọ̀bù Ajégúnlẹ̀, Ẹ Lu Ihò Sára Ògiri Kẹ́ Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Apakòkòrò

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onígbàjámọ̀ Ajégúnlẹ̀ ti ń fi iná pa kòkòrò. Láti Boundary títí wọ Tolu, kì í pẹ́ téèyàn á fi rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé àpótí kékeré kan sí, tí iná aláwọ̀ búlúù ń tàn nínú rẹ̀, tí wọ́n kó klípà àti kóòmù sí i. Sítẹ́ráláísà ni wọ́n ń pè é. Ìbẹ̀rù àrùn éèdì ló sọ ọ́ di dandan nígbà kan, torí oníbàárà tí kò bá rí àpótí yẹn, ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ló ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà lọ́jọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti klípà. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ti ń sọ fún onídìrí, oníkẹ́mísì, aránṣọ àtàwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù han èèyàn pé ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tàn án, yóò fọ gbogbo afẹ́fẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù, yóò sì tún pa kòkòrò orí tábìlì àti ti ara ilẹ̀kùn pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Àmọ́ fún oníṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ owó àjọ, tàbí owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ló fẹ́ fi rà á, ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kówó náà kọ́kọ́ lọ. Àwọn kan tiẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí tí kò yẹ kówó ẹnikẹ́ni lọ bá rárá.

Kì í ṣe pé kò sí ewu. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, iye èèyàn tí ìjọba àpapọ̀ kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ifẹ́lódùn, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà, jẹ́ 684,105. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní tàwọn ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Èyí ó wù ó jẹ́, ilẹ̀ ibẹ̀ kò fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wọn náà rí: ilẹ̀kùn kan níwájú, ògiri lẹ́yìn, ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé kò rọ́nà jáde. Àrùn tó yẹ kéèyàn máa bẹ̀rù jù nírú ibẹ̀ kì í ṣe Kòrónà mọ́, ikọ́ ife ni, èyí táwọn mìíràn ń pè ní TB. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tí ikọ́ náà ń mú lágbàáyé wà. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà ràn, kòkòrò rẹ̀ sì lè máa fò kiri inú yàrá tó há fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tẹ́ni tó wúkọ́ ti bá tiẹ̀ lọ. Oníbàárà lè lo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó máa lọ sílé. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń mí afẹ́fẹ́ yẹn símú látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ife nílé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi lò ó, kò sì sí onílé tó ń dá owó ṣọ́ọ̀bù dúró fún aláìsàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpótí onígbàjámọ̀, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń tà lónìí. Bó bá jẹ́ ojúlówó, iná ultraviolet ni. Iná náà ń ṣiṣẹ́. William Wells ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè nínú kíláàsì àwọn iléèwé kan ní àgbègbè Philadelphia lọ́dún 1937, àrùn measles sì dín kù gan-an láàárín àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà bá rí nìkan ló lè pa. Klípà tí irun àti òróró ti bò, tí wọ́n jù sínú àpótí láìfọ̀ ọ́, kòkòrò ń sá sábẹ́ irun yẹn ni. Gílóòbù tó kàn ní àwọ̀ búlúù lásán kò sì pa nǹkan kan. Èyí tó bá jẹ́ ojúlówó máa ń jó awọ ara àti ẹyin ojú, ìdí nìyẹn tí WHO fi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi í fọ ọwọ́. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ta irú iná bẹ́ẹ̀ fún pé kó gbé e kọ́ sáàárín ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà jókòó sí, kó yáa dá a padà.

Èyí tó burú jù ni àwọn ẹ̀rọ tó ń tú nǹkan sínú afẹ́fẹ́. Òórùn wọn máa ń dà bí ìgbà tí mànàmáná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ, àwọn tó ń tà wọ́n á sì ní afẹ́fẹ́ tuntun ni. Ozone ni, gáàsì tó ń ta ẹ̀dọ̀fóró ni. Àjọ EPA tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ gbangba pé bí ozone bá kéré débi tí kò ní í pa èèyàn lára, kò lè fọ afẹ́fẹ́ tó bó ṣe yẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kò yàtọ̀ sí ti àwọn àgọ́ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2020, tí wọ́n ń fín oògùn sára èèyàn bí ẹni ń fín ẹ̀fọn. Owó ńlá ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Nínú oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà ni WHO sọ pé kò yẹ kí wọ́n fín oògùn apakòkòrò sára èèyàn lábẹ́ bó ti wù kó rí.

Ẹ̀rọ tó ń fi asẹ́ sẹ́ afẹ́fẹ́, èyí tí wọ́n kọ HEPA sí lára, ló ṣeé fọkàn tán nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀, ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi rà á, kì í ṣe ẹnu. Ẹ mú ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12, tí àjà rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí ẹ bá sọ wọ́n di púpọ̀ lọ́nà ara wọn, ẹ ó rí 1,200. Lọ́dún 2023, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà dábàá pé kí afẹ́fẹ́ mímọ́ máa pààrọ̀ nínú yàrá nígbà 5 ó kéré tán láàárín wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ 6,000 ní wákàtí, tàbí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní CADR lára páálí ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ tó 100. Bó bá jẹ́ m³/h ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀, kó tó 170. Àwọn kékeré tí kò ju ife omi lọ kò lè débẹ̀. Iná tó ń jẹ kò tó nǹkan: ẹ̀rọ 50 wáàtì tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 10 jẹ ààbọ̀ yúníìtì, èyí tí kò tó náírà 115 kódà nígbà tí wọ́n gbé owó iná Band A sí náírà 225 lóṣù kẹrin ọdún 2024. Owó asẹ́ tí wọ́n á máa pààrọ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè, àti ibi tí wọ́n ti ń tà á. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìyẹn, kó gbé ọjà rẹ̀ lọ.

Ohun kan sì wà tí asẹ́ kankan kò lè mú, ohun náà sì máa ń pa èèyàn: kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì inú èéfín jẹnẹrétọ̀. Kò lóòórùn, kò láwọ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí pé ẹ̀rọ ń fọ afẹ́fẹ́ fún un, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikú ló ń fi owó ara rẹ̀ rà.

Ibi tó yẹ kówó kọ́kọ́ lọ kò ju ihò lára ògiri ẹ̀yìn lọ, pẹ̀lú fáànù tí wọ́n ń fi sára ògiri ilé ìdáná kó lè máa fa èéfín jáde. Afẹ́fẹ́ tó ń fà jáde sábà máa ń ju èyí tí ẹ̀rọ olówó gọbọi ń sẹ́ lọ. Ohun tí WHO ń fẹ́ láti ọdún 2021 ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú yàrá máa rí lítà afẹ́fẹ́ 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo sì lè má fún èèyàn mẹ́jọ ní ìyẹn. Lóòótọ́, àwọn kan á ní kí ni kí àwọn fà wọlé, ṣé òórùn gọ́tà ni àbí èéfín? Wọn kò jẹ̀bi. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n máa ń to jẹnẹrétọ̀ sí lọ́pọ̀ àdúgbò, fáànù tó bá sì ń fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn á máa fa èéfín wọlé níwájú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ju ti ẹnì kan lọ. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà lórí ìlà kan náà ní láti jókòó fẹnu kò síbi tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo wọn á máa wà. Ó ti rọrùn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, torí látìgbà tí owó epo ti fò sókè lóṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn kan ti gba ìdí sólà lọ.

Ti orí tábìlì àti ọwọ́ ìlẹ̀kùn kò gba ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ ìdọ̀tí kúrò, torí ìdọ̀tí ń gba agbára lọ́wọ́ bílíìṣì. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sára ìgò bílíìṣì, ife kan rẹ̀ nínú ife omi 34 ló máa jẹ́ 0.1% tí WHO fọwọ́ sí. Kó wà lójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán kí ẹ tó nù ún, ojoojúmọ́ sì ni kẹ́ ẹ máa po tuntun. Ẹ má ṣe pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, gáàsì olóró ló ń mú jáde.

Ó ku ọ̀rọ̀ onílé, torí ògiri rẹ̀ lẹ fẹ́ lu. Òfin ilé gbígbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 kan ṣọ́ọ̀bù náà. Ó yọ Àpápá sílẹ̀, àmọ́ kò dárúkọ Ajégúnlẹ̀ mọ́ àwọn ibi tó yọ. Ohun tó sọ ni pé ayálégbé tó bá kọ́kọ́ gba àṣẹ onílé nínú ìwé kó tó tún ibi tó háyà ṣe, lè bèèrè owó àtúnṣe náà bí onílé bá ní kó kó jáde. Àṣẹ ẹnu lásán kò tó. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ san owó ọdún tuntun ló dára jù láti bèèrè, nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín, kí ìwé náà sì ti wà nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà.